Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: mo fẹ́ mú màmá mi àti ọmọ mi lọ wo Róòmù

Màmá Dèjì, Leeds:
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Màmá mi ń bọ̀ wá kí wa láti Ìbàdàn ní ìparí oṣù kẹrin. Físà ìlú ọba ti jáde. Àgùdà pọ́ńbélé ni wọ́n, àwòrán Póòpù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà ní pálọ̀ wọn, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dárúkọ Róòmù. Mo wá ní kí n mú wọn lọ nígbà ìsinmi ilé ìwé ní ìparí oṣù karùn-ún, èmi, àwọn àti ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 12. Kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí nínú wa.

Bí mo ṣe tò ó nìyí. Ọ̀sán Túsìdeè la máa gúnlẹ̀. Ọjọ́rú: Colosseum, pápá ìjà ayé àtijọ́, láàárọ̀, lẹ́yìn náà tẹ́ńpìlì àtijọ́ Pantheon, ìsun omi Trevi àti àtẹ̀gùn ìta gbangba tí wọ́n ń pè ní Spanish Steps. Ọjọ́bọ̀: gbogbo Vatican, ibùjókòó Póòpù, a ó sì gun òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's. Ẹtì: a ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Florence, ká padà lálẹ́. Sátidé, ilé yá.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúnkún ń dun màmá. Ilẹ̀ títẹ́jú kò ṣe wọ́n ní nǹkan, àtẹ̀gùn ni ọ̀tá wọn. Ọmọ ní tirẹ̀, ibi tí àwọn gladiator, àwọn tó ń fi ohun ìjà jà fún ìran wíwò láyé àtijọ́, ti jà nìkan ló mọ̀. Ṣé ètò yìí kò ti pọ̀ jù? Ṣé ká ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ni àbí ká rà á níbẹ̀? Ṣé màmá lè gba físà Schengen, èyí tí wọ́n fi ń wọ Ítálì, nígbà tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ mi?

Ìyá Ìbejì, Croydon:
Àbúrò, jẹ́ kí n mú ti físà ná, torí òun ló lè da gbogbo rẹ̀ rú. Má jẹ́ kí màmá dé Leeds kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí èèyàn ń gbé ni òfin ní kó ti tọrọ físà Schengen, ẹni tó wá kí ọmọ kì í sì í ṣe olùgbé. Bí ìdí gúnmọ́ bá wà, kọ́ńsólétì lè gbà á, àmọ́ ọwọ́ wọn ló wà, wọ́n sì lè dá yín padà. Èkó ni kí wọ́n ti ṣe é kí wọ́n tó wọ bàálù. Fọ́ọ̀mù ṣeé gbé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Ọjọ́ 15 ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè fà dé 45, nítorí náà má fi falẹ̀. Yúrò 90 ni fún àgbàlagbà. Ìwé adójútòfò ìrìnàjò gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tó lè gbé ìtọ́jú àìsàn tó tó yúrò 30,000 ó kéré tán.

Ìwọ náà ńkọ́? Bó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lo ṣì ń lò, ìwé ìgbélùú tí o ní níbí kò lè gbé ọ wọ Ítálì. Ìwọ á gba tìrẹ níhìn-ín. Bí ọmọ bá ní ìwé ìrìnnà Bìrìtìkó, kò nílò físà.

Ọmọ Ìjẹ̀bú l'Ítálì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra. Ẹ kọ́kọ́ yọ Florence dànù. Ìlú tó lẹ́wà ni, àmọ́ ẹni tí orúnkún ń dùn kò gbọ́dọ̀ fi ọjọ́ kan ṣoṣo sáré lọ sáré bọ̀.

Ọjọ́rú tí ẹ fi sí Colosseum yẹn ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àárọ̀ Ọjọ́rú gan-an ni Póòpù máa ń pàdé gbogbo ayé ní Vatican! Ìyá tó ní àwòrán Póòpù mẹ́ta ní pálọ̀, kí ẹ wá kó wọn lọ wo ibi tí kìnnìún ti jẹ èèyàn? Ọ̀fẹ́ ni tíkẹ́ẹ̀tì ìpàdé náà, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ fi owó rà á, ẹ sá fún un. Ẹ wo ètò Vatican kí ẹ rí i pé Póòpù wà nílé lọ́sẹ̀ náà, kí ẹ sì tètè dé, torí wọ́n ń yẹ àpò wò. Bó bá jẹ́ gbàgede St Peter's ni wọ́n ti ṣe é, kò sí ìbòrí níbẹ̀. Kí màmá dé fìlà abetí gbòòrò.

Nígbà ìpàdé yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì St Peter's kì í ṣí fún àwọn tó wá wòran. Ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà wọlé lọ́sàn-án. A kì í sanwó wọbẹ̀, àmọ́ èjìká àti orúnkún kò gbọ́dọ̀ hàn, nítorí náà kí Dèjì gbé ṣòkòtò péńpé sílé. Ìró àti bùbá màmá ti pé. Bí ẹ bá ti wọlé, ẹ yà sí ọ̀tún, ẹ ó rí Pietà tí Michelangelo gbẹ́: Màríà gbé òkú ọmọ rẹ̀ sórí itan, aṣọ rẹ̀ wó lulẹ̀ bí aṣọ gidi, bẹ́ẹ̀ òkúta ni. Ẹ̀yìn gíláàsì ló wà, torí ọkùnrin kan fi òòlù bà á jẹ́ ní 1972.

Ti òrùlé, ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè wà, àmọ́ kì í gbéni dókè pátápátá. Àtẹ̀gùn 320 ṣì wà níwájú, lókè yẹn ògiri á máa tẹ̀ sí yín lára débi tí ẹ ó fi máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ̀yin àti ọmọ ni kí ẹ gùn ún. Kí màmá jókòó nísàlẹ̀ kí wọ́n gba rósárì wọn.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Vatican, níbi tí Sistine Chapel wà, ẹ fi Ọjọ́bọ̀ lódindi fún un. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sí ní gbàgede o, ẹ̀yìn odi ni, ìrìn bí ìṣẹ́jú 15. Wọ́n ń yáni ní àga onítaya lọ́fẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Kí màmá má ṣe tijú, inú rẹ̀ gùn.

Bọ̀dá Peckham:
Ẹ ń da ara yín láàmú. Ẹ wọ bọ́ọ̀sì alájà méjì tí kò lórùlé, ó ń yí gbogbo ìlú po. Orúnkún kò ní mọ̀ pé ẹ jáde.

Ọmọ Ìjẹ̀bú l'Ítálì:
Bọ̀dá, ẹ má bínú, bọ́ọ̀sì yẹn kò lè wọ àdúgbò tí Trevi àti Pantheon wà. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀, lórí òkúta dúdú kéékèèké tí kò dọ́gba. Ẹ jẹ́ kí màmá wọ bàtà tó nípọn nísàlẹ̀. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, kí ẹ wọ takisí. Kí wọ́n má jókòó sórí Spanish Steps o, láti 2019 ni ìlú ti fòfin dè é, owó ìtanràn wà fún un.

Tíkẹ́ẹ̀tì Colosseum, ẹ rà á lórí ìkànnì ìjọba wọn nígbà tó bá ku ọgbọ̀n ọjọ́. Yúrò 18 ni, Forum, ìyẹn àwókù àárín ìlú àtijọ́, àti òkè Palatine wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sanwó, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì fún un. Orúkọ á wà lára rẹ̀, nítorí náà ẹ mú ìwé ìrìnnà dání. Ẹ̀rọ agbéniròkè wà nínú Colosseum. Forum ni kò dáa fún orúnkún, kí màmá wò ó láti òkè ojú títì.

Tísà Fẹ̀yìntì:
Nítorí ọmọ yẹn, ẹ má fo San Clemente. Ó súnmọ́ Colosseum. Ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ó wọ̀, nǹkan bí 900 ọdún ló ti wà. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn tó ti wà láti ọ̀rúndún kẹrin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún sọ̀ kalẹ̀, ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni, pẹ̀lú ojúbọ òrìṣà Mithras, ẹ ó sì máa gbọ́ omi tó ń ṣàn lẹ́yìn ògiri. Kò sí ìwé ìtàn tó lè ṣàlàyé ìlú yẹn fún ọmọ ju àtẹ̀gùn ibẹ̀ lọ. Màmá á dúró sókè.

Ní Pantheon, ihò ńlá tó tó mítà mẹ́sàn-án ní fífẹ̀ ló wà láàárín òrùlé, kò sì sí nǹkan tó bò ó. Òjò máa ń rọ̀ wọlé, kí Dèjì wá àwọn ihò kéékèèké tó ń fa omi nílẹ̀. Láti 2023 ni wọ́n ti ń gba yúrò 5 lọ́wọ́ àgbà níbẹ̀.

Màmá á sì béèrè Scala Santa, àtẹ̀gùn 28 tí wọ́n ní Jésù gùn nílé Pílátù. Orúnkún ni wọ́n fi ń gun ún. Ẹ tètè sọ fún wọn pé àtẹ̀gùn tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màmá Dèjì, Leeds:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pe màmá, wọ́n ní orúnkún wọn ni àwọn máa fi gùn ún, kí n má ṣe jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ti ẹ̀gbẹ́. A ó máa jà á lọ. Àbúrò mi á mú wọn lọ sí Èkó nítorí físà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ku ti oúnjẹ: màmá kì í fẹnu kan nǹkan tó dà bí súpàgẹ́tì. Agbègbè wo la lè sùn?

Ọmọ Ìjẹ̀bú l'Ítálì:
Piazza Vittorio. Ẹ gba ilé tó ní ilé ìdáná. Ọjà Esquilino wà nítòsí, ẹ ó rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata níbẹ̀, àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ìlà A ló wà níbẹ̀: ó ń lọ tààrà sí Ottaviano fún Vatican, sí San Giovanni fún Scala Santa. Ti Colosseum, ẹ sọ̀ ní Termini, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá, kí ẹ bọ́ sí ìlà B. Yúrò kan àtààbọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lè fi káàdì báńkì kàn án lẹ́nu ọ̀nà. Nínú Termini àti bọ́ọ̀sì 64, kí àpò màmá wà níwájú, àwọn gbéwiri pọ̀ níbẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ títì dára fún mímu, ẹ mú ike dání.