Kọ̀ǹpútà tí mo fọwọ́ ara mi tò ń kú lójijì: ṣé RAM ni àbí iná?

Onífídíò Agbowó: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Fídíò ìgbéyàwó ni mo máa ń gé, òun ni mo fi ń jẹun. Oṣù mẹ́jọ ni kọ̀ǹpútà yìí fi ṣiṣẹ́ láìní wàhálà pẹ̀lú RAM méjì (pátákó ìrántí tí kọ̀ǹpútà fi ń di iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ mú), 8GB ọ̀kọ̀ọ̀kan, irú DDR4, 3200 ni eré ẹ̀. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn mo ra tòkunbọ̀ méjì kún un lọ́jà Queen's Cinema n'Ìbàdàn. Àtìgbà náà, ojú ẹ̀ á ṣàdédé di búlúù, á kọ MEMORY_MANAGEMENT, á sì tún ara ẹ̀ tàn. Lálẹ́ àná, iṣẹ́ tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́rin gé kọ̀ kò ṣí mọ́. Sátidé ni wọ́n ń bọ̀ wá gbà á. Iná wa náà tún ń ṣe ségesège, mi ò mọ èyí tí mo lè dì mú.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Windows ẹ ló bàjẹ́. Fọ́máàtì ẹ̀, kó o fi tuntun sí i.

Àgbà Bódìjà: Àbúrò, má tíì fọwọ́ kan Windows, mo bẹ̀ ẹ́. Bí RAM bá ń ṣi nǹkan rántí, Windows tuntun náà á bàjẹ́ bó ṣe ń wọlé. Yọ dísìkì ẹ, fi kọ̀ǹpútà ẹlòmíì da iṣẹ́ tó kù kọ. Lẹ́yìn náà, gbé MemTest86+, ètò tó ń dán RAM wò, sórí fláàṣì, ọ̀fẹ́ ni, jẹ́ kí ẹ̀rọ tàn láti ibẹ̀, kó o fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ìlà pupa kan ṣoṣo, wàhálà ni. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wọ BIOS (ibi ètò ẹ̀rọ tó máa ń ṣáájú Windows), kó o pa XMP, ètò tó ń mú RAM sá ju eré ìpìlẹ̀ ẹ̀ lọ. Iná 1.35V ni 3200 sábà máa ń gbà. Tó o bá pa á, á padà sí 1.2V, eré ẹ̀ sì sábà máa ń wà láàárín 2133 sí 2666. RAM mẹ́rin tí kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà kì í fẹ́ sá 3200 pọ̀. Tí pupa bá tún jáde, ó di kó o dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ojú ihò kan náà fún gbogbo wọn.

Ìyá Alátùnṣe Challenge: Ọmọ mi, pa iná, yọ wáyà lára ògiri, fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀ kó o tó mú RAM dání. Wo eyín wúrà ẹ̀ dáadáa nínú ìmọ́lẹ̀. Mo ti rí èyí tí àmì ìka ọwọ́ dúdú bo eyín mẹ́ta níbẹ̀. Òwú àti isopropyl, ọtí tí wọ́n fi ń nu ẹ̀rọ, ni kó o fi nù ún, má fi yanrìn bébà ha á o. Tó o bá ń dá a padà, tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún "kà". Ní ti iná, lò ó lórí inverter: tó bá ṣì kú níbẹ̀, má di ẹ̀bi ru NEPA. Tí MemTest bá sì mọ́ délẹ̀, pawa, àpótí tó ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà, ló kàn.

Onífídíò Agbowó: Ẹ ṣeun gan-an, mà mi, ẹ̀gbọ́n mi. Mo pa XMP, pupa ṣì jáde. Mo wá dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta mọ́. Ìkẹrin, tòkunbọ̀ ni, kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí pupa fi bẹ̀rẹ̀. Mo nù ún, mo pààrọ̀ ihò, pupa náà ni.

Àgbà Bódìjà: Ó ti kú nìyẹn. Má tún fi sínú ẹ̀rọ kankan, má sì tà á fún ẹlòmíì.

Onífídíò Agbowó: Ẹni tó tà á ní òun ò gbà á padà, ó dùn mí gan-an. Méjì àtijọ́ nìkan ni mo dá padà, mo tan XMP, MemTest yí ìgbà mẹ́rin láìsí pupa. Ọpẹ́ ni pé mi ò tíì pa káàdì kámẹ́rà rẹ́. Mo ti ń gé e lọ́tun, ó ku ibi tí wọ́n ti ń náwó fún ìyàwó.