"Ìjò oògùn" kò tó: ẹ jẹ́ ká pè é ní ìjòsẹ́ran

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Nínú orúkọ Yorùbá tí à ń wá, ọ̀kan nínú wa dábàá "ìjò oògùn" fún ìgbà tí kẹ́mò, ìyẹn oògùn jẹjẹrẹ, bá tú kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ bọ́ sínú ẹran ara. Ẹlòmíràn ní "ìṣìnà oògùn" ló dùn jù. Nọ́ọ̀sì ni mí, ní Àbújá níbí, àwọn alárùn jẹjẹrẹ ni mò ń fa kẹ́mò fún. N kò lè fara mọ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ìwé tí à ń tẹ̀ fún aláìsàn kì í sábà ní àmì ohùn. "Ijo" lásán, ta ni yóò mọ̀ bóyá ijó ni tàbí ìjọ? Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé oògùn ló ń jò, àmọ́ aláìsàn ló ń sọ pé ó ń jó òun. Ìyá kan láti Nyanya ló pè mí lọ́jọ́ kan: "Nọ́ọ̀sì, ó ń jó mi o." Doxorubicin là ń fà fún un, oògùn pupa bíi sóbò. Ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé ti wú. Mo ti dírípù pa kíá. N kò yọ abẹ́rẹ́. Mo kọ́kọ́ fi síríǹjì fa ìyókù oògùn jáde níbẹ̀, mo wá gbé yìnyín tí mo fi aṣọ wé lé e. (Tó bá jẹ́ vincristine, kẹ́mò mìíràn, ni, ohun lílọ́ wọ́ọ́rọ́ là bá fi lé e.) Bí a bá pẹ́, oògùn yìí lè jẹ awọ àti ẹran ibẹ̀. Ọpẹ́ ni pé ọwọ́ ìyá kò bó.

"Ìṣìnà" ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi pamọ́ fún ewu tó jù báyìí lọ. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ nìkan la gbọ́dọ̀ fa vincristine sí. Bí wọ́n bá ṣèèṣì gún un sí ọ̀pá ẹ̀yìn, ikú ló sábà máa ń jẹ́. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kìlọ̀ ní 2007 pé àpò omi kékeré ni kí wọ́n máa pò ó sí, kì í ṣe síríǹjì. Oògùn tó ṣìnà gan-an nìyẹn.

Ìjòsẹ́ran ni mo mú wá: ó jò sí ẹran. Ẹ yọ gbogbo àmì orí rẹ̀, kò ní di ijó, kò ní di ìjọ. Ó sì sọ ibi tí oògùn gbà lọ.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ báyìí fún ìyá náà. Nígbà tó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, kó tó jókòó ló ti na ọwọ́ kejì sí mi: "Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ṣọ́ ọ dáadáa, kó má tún jò sẹ́ran o."