Ihò SATA wo ló yẹ kí n so SSD àti háàdì dísìkì mọ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan tí chipset rẹ̀ (chip tó ń darí àwọn ihò inú rẹ̀) jẹ́ Intel P67. Nígbà tí mo ṣí i, ihò SATA (ibi tí a ń so wáyà dísìkì mọ́) mẹ́jọ ni mo bá lára motherboard, ìyẹn pátákó ńlá inú rẹ̀: méjì funfun, mẹ́rin búlúù, méjì tó kù sì dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n kọ Marvell sí wọn. SSD kan (dísìkì tí kò ní awo tó ń yí) ni mo fẹ́ fi Windows sí, mo sì ní háàdì dísìkì méjì tí fídíò iṣẹ́ mi kún inú wọn. Ṣé ibikíbi tí mo bá so wọ́n mọ́ náà ni, àbí ìyàtọ̀ wà? Ṣé fáìlì mi kò ní pòórá bí mo bá pààrọ̀ ihò?

Ìdáhùn kìíní

Ẹ kú ìnáwó o. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n SSD nìkan ni yóò mọ̀ ọ́n lára. Ihò méjì péré ni P67 fúnra rẹ̀ ń fún ní 6 Gb/s, ìyẹn nǹkan bí 600 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́rin tó kù jẹ́ 3 Gb/s, wọn kò lè kọjá 300 MB. SSD ti SATA lè ka tó 550 MB, nítorí náà bí ẹ bá so ó mọ́ ihò 3 Gb/s, ìdajì agbára rẹ̀ ti ṣòfò nìyẹn. Háàdì dísìkì tí awo rẹ̀ ń yí ní ìgbà 7,200 ní ìṣẹ́jú kan kì í sábà kọjá 250 MB, kò sì sí ohun tí ihò tó yára jù yóò fi kún un. Ẹ má gbára lé àwọ̀, torí ó wu olúkúlùkù ilé iṣẹ́ bí ó ṣe ń kùn ún. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò àti ìwé ìtọ́ni ni kí ẹ wò.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni ọ̀gá tó ṣáájú sọ, àmọ́ P67 ní ìtàn kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, Intel kéde pé àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní àbùkù tó lè mú kí ihò 3 Gb/s máa kú díẹ̀díẹ̀ bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Kò kan ihò 6 Gb/s méjèèjì. Àwọn tí wọ́n tún ṣe ni wọ́n ń pè ní B3, wọ́n sì sábà máa ń kọ ọ́ mọ́ orúkọ motherboard. Bí ẹ kò bá rí B3, ẹ so SSD àti háàdì dísìkì kan mọ́ ihò 6 Gb/s ti Intel, kí ẹ so èkejì mọ́ Marvell. Chip ọ̀tọ̀ ni Marvell, kì í yára tó ti Intel, mi ò sì ní fi Windows síbẹ̀ láéláé.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wò ó, kò sí B3 níbẹ̀. BIOS (ètò tó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ bí a bá tan kọ̀ǹpútà) tún ń bi mí bóyá IDE, AHCI tàbí RAID ni mo fẹ́.

Ìdáhùn kejì

AHCI ni, ìyẹn ọ̀nà tuntun tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dísìkì SATA sọ̀rọ̀ (IDE ni ti àtijọ́), kí ẹ sì yàn án kí ẹ tó fi Windows sí i, nítorí bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kí Windows kọ̀ láti dìde. Ẹ yọ wáyà háàdì dísìkì méjèèjì títí Windows yóò fi wọlé tán, kó má baà lọ kó fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sórí wọn. Ní ti fídíò yín, inú dísìkì ni wọ́n wà, kì í ṣe inú ihò. Lẹ́tà bíi D tàbí E nìkan ló lè yí padà, àyàfi tí ẹ bá ti so wọ́n pọ̀ bíi dísìkì kan ṣoṣo ní RAID tẹ́lẹ̀.