Ta ló ti dé Kòlómbíà rí? Àyà mi ń já díẹ̀

Àdùkẹ́
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìpàdé ibiṣẹ́ ń gbé mi lọ sí Kòlómbíà: ọjọ́ mẹ́rin ní Bogotá, mẹ́ta ní Medellín. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún ló ń wò mí bí ẹni tó ń re ojú ogun, Pablo Escobar, ọ̀gá àwọn tó ń ta kokéènì níbẹ̀ nígbà kan, ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Màmá mi ò tíì gbọ́. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí? Ṣé mo lè yọ fóònù mi níta?

Kìrìkájáyé
Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Escobar ti kú láti 1993. Ní Medellín, mo wọ ọkọ̀ orí wáyà wọn lọ sí Santo Domingo, àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù lórí òkè. Láti 2004 ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá kan jókòó kọjú sí mi, ó gbé páálí ẹyin lé itan. Bí ọkọ̀ yẹn bá ti mì pẹ́nrẹ́n, á fọwọ́ méjèèjì dì í mú. Ẹyin rẹ̀ ló ń ṣàníyàn lé lórí, kò tiẹ̀ wojú mi.

Àmọ́ fóònù tí ẹ béèrè yẹn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé *no dar papaya*, ìyẹn ni pé má fún wọn ní ìbẹ́pẹ. Ẹni tó bá gbé ìbẹ́pẹ pípọ́n síta, tí wọ́n bá jẹ ẹ́, òun ló fà á. Èmi fún wọn ní tèmi lọ́jọ́ kejì tí mo dé Bogotá. Mo dúró létí títì ní La Candelaria, mo ń wo máàpù, alùpùpù kan kọjá fìrì, ọwọ́ mi ti ṣófo. Obìnrin tó ń ta kọfí nítòsí ò tiẹ̀ pariwo. Ó kàn mirí, ó ní: "Papaya." Ìyẹn dùn mí ju fóònù náà lọ.

Tí ẹ bá fẹ́ wo máàpù, ẹ yà sínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má nawọ́ dá takisí dúró lójú títì lálẹ́, orí áàpù ni kí ẹ ti pè é. Àwọn kan máa ń há èèyàn mọ́nú takisí, wọ́n á máa gbé e kiri ìdí ẹ̀rọ tó ń pọwó títí wọn á fi gbá àkáǹtì rẹ̀ mọ́. *Paseo millonario* ni wọ́n ń pè é, ìgbafẹ́ olówó. Ẹ wo irú orúkọ!

BàbáÌbejì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mẹ́nu ba ọtí. Wọ́n ń bu oògùn kan tí wọ́n ń pè ní scopolamine sínú ohun mímu. Ẹni tó bá mu ún á máa ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, ilẹ̀ á mọ́, kò ní rántí nǹkan kan. Ní oṣù kìn-ín-ní 2024, iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Bogotá kéde pé ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́jọ ló kú ikú tó mú ìfura dání ní Medellín láàárín oṣù méjì. Àwọn kan nínú wọn, orí áàpù tí wọ́n fi ń wá olólùfẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àdùkẹ́
Ti áàpù yẹn ò kàn mí, ọkọ mi wà nílé. Catatumbo tí mo ń gbọ́ nínú ìròyìn ńkọ́?

Kìrìkájáyé
Ibẹ̀ léwu gidi wà, lẹ́bàá ààlà Fẹnẹsúẹ́là. Níbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjà àwọn ọlọ́tẹ̀ ELN àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ọlọ́tẹ̀ FARC tí kò gba àdéhùn àlàáfíà tí FARC bá ìjọba ṣe ní 2016 lé èèyàn tó ju 50,000 kúrò nílé. Àmọ́ kí lẹ fẹ́ wá débẹ̀? Ọkọ̀ òfuurufú ni kí ẹ wọ̀ láti Bogotá sí Medellín. Ohun tó máa kọ́kọ́ bá yín jà ni èémí: ìlú Bogotá fi nǹkan bíi mítà 2,600 ga ju òkun lọ. Àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì lásán, mo ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó. Ẹ mú súwẹ́tà o, òtútù wà níbẹ̀.

Àdùkẹ́
Fóònù àtijọ́ tí ojú rẹ̀ ti fọ́ ni mo máa gbé lọ. Ó kù kí ẹnìkan bá mi sọ fún màmá mi.