Mo ti rí ìdí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mi tó ń kú láàárín géèmù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi tí mo béèrè níjelòó bóyá géèmù tí ọmọ mi ń gbá ló ń ba kọ̀ǹpútà alágbèéká mi jẹ́ nìyí. Ẹ rántí pé ó ń gbóná bí ààrò, tó sì máa ń kú fúnra rẹ̀.

Mo tú ìdí rẹ̀. Ha! Eruku dì mọ́ fáànù bí òwú. Ìpara tó ń gbé ooru kúrò lára ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti gbẹ kangí. Mo gbọn eruku, mo nu ìpara àtijọ́, mo fi tuntun sí i. Tẹ́lẹ̀, ooru máa ń tó 98°C kí géèmù tó lo ìṣẹ́jú 10. Ní báyìí kì í kọjá 82°C. Kò kú mọ́ láti ọ̀sẹ̀ 3.

Kíkú yẹn gan-an, ààbò ni. Bó bá gbóná jù, á kọ́kọ́ dẹ iyára. Bí ìyẹn ò bá tó, á pa ara rẹ̀ kó má baà jó.

Ẹni tó ní ká yé gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ṣeun. Ìbùsùn ló ń dí ihò atẹ́gùn.

Bátìrì nìkan ni kò yè é. Ooru ti jẹ ẹ́ débi pé ó wú, ó sì lè gbiná, ni mo bá pààrọ̀ rẹ̀ kíá. Nítorí náà géèmù lọ́wọ́ sí i díẹ̀, àmọ́ ọ̀lẹ tèmi ló pọ̀ jù. Mo ti bẹ ọmọ mi; ó ní géèmù tuntun lòun máa gbà.