Ohun tí ojú mi rí nídìí spin inú dáyámọ́ńdì

*Ọmọ Adó:*
Ẹ kú ìjókòó o. Físíìsì ni mo kà ní Adó-Èkìtì. A ò ní dáyámọ́ńdì, a ò ní ẹ̀rọ tó ń yí spin (ìwà bíi òòfà kékeré tí àwọn ohun tíntìntín inú átọ́ọ̀mù ń hù). Láptọ́ọ̀pù àti QuTiP, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ fún ìṣirò quantum, la fi ń ṣe é, nígbà tí iná bá wà.

Iṣẹ́ mi dá lórí ibi tí átọ́ọ̀mù nitrogen kan jókòó ti àyè tó ṣófo, níbi tó yẹ kí carbon wà. Spin ibẹ̀ kò bèèrè òtútù líle, ó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá lásán. A ó fi laser aláwọ̀ ewé tò ó sípò, a ó fi microwave bíi 2.87 GHz yí i, a ó wá wo iná pupa tó ń tàn jáde ká lè mọ ibi tó dúró sí. Yíyí yẹn gan-an ni gate, ìyẹn ìgbésẹ̀ ìṣirò kan nínú kọ̀ǹpútà quantum.

Lórí ìwé, ó yí délẹ̀ láìyingin. Ọ̀gá mi wò ó, wọ́n ní: "Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ńkọ́?" Carbon-13, irú carbon kan tó wúwo díẹ̀, ni wọ́n ń wí. Nínú 100 carbon, bí ẹyọ kan ló jẹ́ irú rẹ̀, òun náà sì ní spin tó ń ti tiwa kiri. Bí mo ṣe kó wọn sínú ìṣirò báyìí, gate dàrú.

Ọgbọ́n tí Erwin Hahn, onímọ̀ físíìsì, gbé jáde ní 1950 ló yọ wá: yí spin padà ní ìdajì àkókò, kí ìṣìnà apá kejì lè pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ìyẹn ká ariwo tó ń rọra yí padà. Fún èyí tó yára, a ní láti yí i léraléra, ká sì há àwọn yíyí náà sáàárín gate fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni oorun ti dá lójú mi.

Ẹ má tètè pàtẹ́wọ́ fún gate tó ń ṣe dáadáa ní 99% o. Gate 100 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 99%, ìrètí pé gbogbo wọn á lọ láìṣìṣe kò tó 37%. Síbẹ̀, agbègbè ibẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà tún àṣìṣe ṣe ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́. Ní 2022, ẹgbẹ́ mẹ́ta ní Delft, Japan àti Sydney kéde pé gate oní-spin méjì nínú silicon, ohun tí wọ́n fi ń ṣe chip kọ̀ǹpútà, ti kọjá 99%.

*Àbúrò láti Ọ̀yẹ́:*
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé. Silicon ni èmi ń kà. Silicon-29, irú silicon tó ní spin tirẹ̀, ló ń da tiwa láàmú, ó sún mọ́ 5% nínú èyí tí wọ́n ń wà nílẹ̀, àmọ́ wọ́n ti ń sẹ́ ẹ kúrò. Ó kù iná mànàmáná tó ń gbọ̀n nítòsí chip náà. Ìyẹn kò ṣeé sẹ́.