Ta ló ti bá tẹlifíṣọ̀n jà rí nílé yín?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹjọ́ bàbá mi ni mo fẹ́ rò fún yín, ẹ bá mi dá a.

Mo lọ sílé l'Ọ̀yọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Láti 2024 tí Bọ́láńlé Austen-Peters ti gbé House of Ga'a jáde lórí Netflix ni mo ti ń sọ pé bàbá gbọ́dọ̀ wò ó, torí ìtàn Baṣọ̀run Gáà ni, kò sì sí ọmọ ilé wa tí wọn ò fi ìtàn yẹn dẹ́rù bà nígbà tó wà ní kékeré. Mo ra dátà, mo so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, màmá gbé ẹ̀pà sísun kalẹ̀, gbogbo wa jókòó.

A ò tíì wò ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí bàbá fi ní, "Dá a dúró." Mo dá a dúró. Wọ́n ní, ọba mélòó ni Gáà pa? Mo ní mẹ́rin. Wọ́n ní kí n dárúkọ wọn. Mo gbójú sókè, mò ń wo àjà. Àwọn fúnra wọn wá kà á bí ẹni ń ka orúkọ ọmọ ara wọn: Lábísí, Awọnbíojú, Agbólúajé, Májẹ̀ógbé. Orí Awọnbíojú ni wọ́n ti pẹ́ jù. Ọjọ́ 130 péré ni kábíyèsí yẹn lò lórí ìtẹ́, torí ó lóun ò ní í dọ̀bálẹ̀ fún Gáà. Bàbá bá dìde láàárín pálọ̀ láti fi bí ọba ṣe ń dúró hàn wá. Wọ́n fẹ apá agbádá tí kò sí lọ́rùn wọn, ọwọ́ wọn gbá àwo, ẹ̀pà dà sílẹ̀. Màmá ò wí nǹkan kan, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀pà.

Ìgbà méje ni fíìmù yẹn dúró. Nígbà ẹ̀kẹta, màmá ti sùn. Nígbà ẹ̀keje, bàbá rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ kan Àgbọ́nyìn, ọmọ Aláàfin Abíọ́dún tí Gáà fi rọ́pò àgbọ̀nrín láti fi ṣoògùn. Wọn ò tiẹ̀ ní kí n dá a dúró mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná, wọ́n ní, "Èmi kì í wo ìyẹn lálẹ́." Ó tán. Wọ́n wọ yàrá lọ.

Ní tèmi o, fíìmù náà dára. Ojú tí Fẹ́mi Branch fi ṣe Gáà, ojú ẹni tó ti jẹun yó tí ebi ṣì ń pa ni. Ohun tí mo rí wí sí i ni pé ìtàn yẹn pọ̀ jù fún nǹkan bíi wákàtí méjì. O ò tíì mọ ojú ọba kan dáadáa, wọ́n ti ń sunkún ẹ̀. Bàbá ní àwọn tó ka ìwé eré tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ lórí ẹ̀ ló lè bá fíìmù náà sáré. Bóyá òótọ́ ni, bóyá wọ́n kàn fẹ́ fọ́nnu pé àwọn kà á.

Ó kù sọ́wọ́ yín. Fíìmù ni o, àwàdà ni o, géèmù ni o, ta ló ti bá tẹlifíṣọ̀n jà rí nílé yín?

Ìyá Ìbejì

Ẹ bá mi kí bàbá, ẹ ní wọ́n kú iṣẹ́ ìtàn. Ti ilé tiwa kì í ṣe ìjà, ẹ̀bi ni.

Nígbà tí a wà ní kékeré l'Ògbómọ̀ṣọ́, ilé méjì péré ló ní fídíò ládùúgbò wa, tiwa jẹ́ ọ̀kan. Bó bá di alẹ́ Sátidé, àwọn ará àdúgbò á gbé àpótí ìjókòó wọn wá, àwọn ọmọdé á jókòó sórí ẹní, Baba Sala ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ rántí ìgò ojú yẹn àti aago gbàǹgbà tó máa ń so mọ́wọ́ bí aago ọwọ́. Kó tó lanu ni a ti ń rẹ́rìn-ín.

Fíìmù ẹ̀ tó ń jẹ́ Ọ̀run Móoru, tó ti ṣe Lámídì, ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Ọlá Balógun ló darí ẹ̀, ní 1982. Àwòrán tiwa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, orí Baba Sala á gùn, á tún kúrú, ohùn á máa fà. A ò bìkítà. Bí àwọn gbájúẹ̀ ṣe gba gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀, bàbá mi á máa fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, omi á máa dà lójú wọn, wọ́n á ní, "Lámídì, wọ́n ti mú ẹ!"

Mo ti dàgbà, mo ti lọ́kọ, kí n tó gbọ́ pé wọ́n jí fíìmù yẹn kó ni. Kí Baba Sala tó rí owó tó ná sí i gbà padà, ẹ̀dà olè ti kún ìgboro, gbèsè sì wọ ọkùnrin náà lọ́rùn. Ọjọ́ tí mo gbọ́, mo lọ bá bàbá mi. Mo ní, "Bàbá, níbo lẹ ti ra kásẹ́ẹ̀tì yẹn?" Wọ́n ní lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan ní Tákíè ni. Wọ́n dákẹ́. Èmi náà dákẹ́. Nínú fíìmù, gbájúẹ̀ lù ú. Lẹ́yìn fíìmù, àwa tí à ń gbá ilẹ̀ rẹ́rìn-ín náà lù ú.

Nígbà tó kú ní October 2018, bàbá mi lọ yọ kásẹ́ẹ̀tì náà látinú àpótí. Ìhà kan ti rà. Wọ́n fi etí aṣọ nu eruku ara ẹ̀, wọ́n tún dá a padà. Kò kúkú sí ẹ̀rọ tí a lè fi wò ó mọ́.

Akérékorò

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ọwọ́ ọmọkùnrin yẹn lèmi náà ti ra tèmi.

Alágéèmù Under-G

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ fíìmù, ẹ ò tíì rí ìjà. Ẹ bi èmi tí mo ní ilé géèmù ní Under-G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ l'Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo wà ní yunifásítì LAUTECH. PlayStation 2 mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta, jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń pariwo ju gbogbo wa lọ. Ogún náírà ni gbá kan nígbà yẹn, ẹni tó bá fìdí rẹmi ló ń san, ẹni tó bá borí kò ní í dìde.

PES 6, géèmù bọ́ọ̀lù, la ń ta. Ẹni tó bá mọ PES 6 ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ: Adriano ti Inter. Ìwọ ṣáà ti gbé bọ́ọ̀lù sí ẹsẹ̀ òsì ẹ̀, bó o bá ti kọjá àárín pápá, kí aṣọ́lé máa ké pe Ọlọ́run ẹ̀. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ mú Inter. Mo wá ṣòfin, mo fi máákà kọ ọ́ sára ògiri pé A Ò GBA ADRIANO NÍBÍ. Ìjà tí òfin yẹn fà ju èyí tí Adriano fúnra ẹ̀ fà lọ. Wọ́n ní mo gbàbọ̀dè. Wọ́n ní torí pé èmi fúnra mi ò mọ Adriano lò ni.

Ọjọ́ kan ni mo fẹ́ sọ. Ọmọ Ọ̀yọ́ kan àti ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ń gbá a, èèyàn kún inú ilé dé ẹnu ọ̀nà, ooru ń mú, wọ́n gbá ọ̀mì, ó di pẹnáritì. Ó ku ẹyọ kan. Ọmọ Ọ̀yọ́ ló fẹ́ gbá a. Ó gbé pádì kúrò lórí itan, ó gbé e sí àyà, ó ń gbàdúrà sí i. Ó tẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀lù gbéra. NEPA mú iná.

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, aago mẹ́wàá alẹ́ ni wọ́n mú iná, a ṣì wà lórí ẹjọ́ náà nígbà tó di aago méjìlá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ní gólì ni, òun rí i tó ń lọ sí igun. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní aṣọ́lé òun ti fò sí igun yẹn gan-an. Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí kan ní bọ́ọ̀lù bá òpó. Òpó wo? Ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá! Níkẹyìn mi ò gba ogún náírà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì ló jọ gbé jálá lọ bá mi wá epo bẹntiróòlù, wọ́n ń ja ẹjọ́ náà lọ, wọ́n ń jà á bọ̀.

Ní 2021 wọ́n yí orúkọ PES padà sí eFootball. Àbúrò mi ń ta á lórí fóònù ẹ̀, ó ti nǹkan bọ etí, ó kọjú sí ògiri. Àwòrán ẹ̀ dára, mi ò purọ́, òógùn ló kù kó máa yọ lójú àwọn agbábọ́ọ̀lù yẹn. Ṣùgbọ́n ó jẹ gólì, kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ márùn-ún, kò sẹ́ni tó bú u. Géèmù tí wọn ò bú ẹ lẹ́yìn ẹ̀, kí ló fi yàtọ̀ sí iṣẹ́ àṣetiléwá?

Ẹ kí Castolo àti Minanda fún mi níbikíbi tí wọ́n bá wà. Kò sí wọn láyé yìí rí, inú géèmù ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n mo mọ̀ wọ́n ju àwọn ìbátan mi mìíràn lọ.

Ìyàwó Ìlọrà

Ìyá ọkọ mi ló bá Mr. Bean jà. Ẹ mọ̀ pé ọ̀gbẹ́ni yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí màmá lè bá wa wò ó. Ó di ibi tó gun pátákó gíga lókè odò ìwẹ̀, tí ẹ̀rù bà á, tó wá ń fi ọwọ́ rọ̀ síbẹ̀ tí ọmọdé kan ń tẹ ìka ẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa ń rẹ́rìn-ín. Màmá nàró, wọ́n ń nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ìyá ẹ? Ṣé kò sí àgbàlagbà kankan níbẹ̀ ni?" Wọ́n ní ẹni tí kò ní ẹbí ni, ẹni tó ní ẹbí kì í dá rìn báyẹn.

Látìgbà yẹn, ẹ̀rín ẹ̀ ò rọrùn fún mi mọ́. Ìpín 15 péré ni wọ́n ṣe láàárín 1990 sí 1995. Nílé wa, a wò ó bíi pé igba ni.

Màmá ní Sunday Omobolanle, Àlúwẹ̀, ni kí n máa gbé sí i fáwọn. Ọmọ Ìlọrà wa ni, ó kéré tán àwọn mọ ilé ẹ̀.

Tísà Ọjà-Igbó

Kúkúrú ni tèmi. Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi nínú ìdánwò pé ta ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó. Ọmọ kan kọ ọ́ gàdàgbà: Lérè Páímọ́.

Mo rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n mo rí ohun tó rí. Bàbá ńlá ẹ̀ ló ń fi fíìmù Ogbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ hàn án nílé. Ọmọ rí òṣèré tó ṣe Ògúnlọ́lá tó tẹ ìlú dó, tó bẹ́ orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lọ bá Aláàfin, ọkùnrin náà sì jẹ́ ọmọ ìlú wa, wọ́n ń dárúkọ ẹ̀ lórí rédíò. Kí ló tún kù? Mo fún un ní ààbọ̀ máàkì. Ọ̀gá ilé ìwé ní kí n gbà á padà, mi ò gbà á.

Nígbà tí Lérè Páímọ́ lọ jókòó dáhùn ìbéèrè lórí Who Wants to Be a Millionaire ní 2014, ìyá mi ń pariwo ìdáhùn sí tẹlifíṣọ̀n láti ilé ìdáná, èyí tí wọ́n mọ̀ àti èyí tí wọn ò mọ̀. Mílíọ̀nù kan náírà ló gbà. Títí di òní, ìyá mi gbà pé àwọn ní ìpín níbẹ̀.

Ọmọ Àyàn

Ilé onílù ni wọ́n bí mi sí l'Ọ̀yọ́. Saworoidẹ la wò, ti Túndé Kèlání, 1999. Bàbá àgbà wa ò ríran mọ́ nígbà yẹn, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kẹ́yìn sí wa. Àwa ń wo ẹnu àwọn òṣèré. Àwọn ń gbọ́ ìlù. Bí ìlù bá ti dún nínú fíìmù, wọ́n á fi ìka lu orí itan wọn, wọ́n á dá a lóhùn, wọ́n á ní, "Ẹni yẹn mọṣẹ́."

Kọ́lá Oyèwọ̀ ló ṣe ọba, Lápité, ọba tó kọ̀ tí kò bá ìlú mulẹ̀ kó tó gorí ìtẹ́. Ìlù ló wá pa á níkẹyìn. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Bàbá àgbà ní kí la ń pàtẹ́wọ́ fún? A ṣàlàyé. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní ta ló kọ ọ́. A ní Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní ọ̀mọ̀wé ni, ó gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe onílù. "Àràárọ̀ là ń lọ kí ọba jí l'áàfin. Onílù tó bá fìlù pa ọba lónìí, kí ló fẹ́ jẹ lọ́la?"

A rẹ́rìn-ín, àwọn ò rẹ́rìn-ín o. Mo gbà pé fíìmù yẹn ló dára jù nínú gbogbo èyí tí mo ti wò ní èdè Yorùbá, bẹ́ẹ̀ sì ni mi ò tíì rí èsì fún ìbéèrè bàbá àgbà. Ìyáàlù wọn kan wà lára ògiri tó ní saworo yíká ojú ẹ̀. Odidi oṣù kan ni àwọn ọmọdé ilé ò fi gba abẹ́ ẹ̀ kọjá.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ ṣé, mo rín ẹ̀rín dé ibi iṣẹ́, ọ̀gá mi ti wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ gbọ́ o, bàbá pè mí láàárọ̀ yìí. Wọn ò béèrè àlàáfíà, wọn ò béèrè iṣẹ́. Wọ́n ní, "Ìgbà wo lò ń bọ̀? A ò tíì dé 1774." Ọdún tí Abíọ́dún rí ẹ̀yìn Gáà nìyẹn, nígbà tí Ọ̀yábí kó ogun dé láti Àjàṣẹ́. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ mọ bó ṣe parí?" Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni kí n wá lọ́tẹ̀ yìí.

Mo gbọ́ ohùn màmá lẹ́yìn wọn: kí n má wulẹ̀ wá ra ẹ̀pà.